Ojú Tí Mo Yá Ọkọ Mi Lò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú mi títí ẹ ó fi kà á débi tó parí sí. Bí ẹ bá wá parí rẹ̀, ẹ bú mi bó ṣe wù yín. N kò ní bá yín jiyàn.

Nardy ni orúkọ mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kí n tó mọ orúkọ yẹn kọ. Ilẹ̀ ni mo ń gbá ní pápákọ̀ òfurufú ìlú wa, San Hilario, nígbà tí Tíṣà Elfy fà mí wọ kíláàsì àwọn àgbà. Ọdún méje ni mo fi jókòó síwájú rẹ̀, láàárín àwọn darandaran àti àwọn ìyá àgbà, títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí girama.

Òun náà ló sọ fún mi pé, "Nardy, ilé ìṣọ́ tí ò ń gbá lójoojúmọ́ yẹn, ta ló sọ pé o kò lè jókòó nínú rẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú ńlá, mo padà wá, mo sì jókòó nínú rẹ̀ lóòótọ́. Mo di ẹni tó ń darí ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ojú ìbàlẹ̀ kan ṣoṣo la ní. A kò ní ẹ̀rọ tó ń fi ọkọ̀ hàn nínú àwòrán. Ojú la fi ń wò, ẹnu la fi ń sọ. Bí ọkọ̀ kékeré méjì bá ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, màá sọ fún ti ẹ̀yìn pé, "Ìwọ ni ìkejì, ọkọ̀ kan wà níwájú rẹ, sọ fún mi bí o bá rí i." Bó bá dáhùn pé, "Mo ti rí i," màá ní kó máa tẹ̀ lé e, kó fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn fúnra rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ọrùn rẹ̀ ni ẹrù náà wà, kò sí lọ́rùn mi mọ́.

Bó bá ní òun kò rí i, èmi ni mo gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Màá rán an lọ máa yí po lórí adágún títí èkíní yóò fi balẹ̀.

Ètò tó dáa ni. Àmọ́ kò sí awakọ̀ kan ní San Hilario tó ń sọ pé òun kò rí i. Pẹ́pẹ́yẹ ló kún orí adágún yẹn, ẹni tí wọ́n bá sì rán lọ síbẹ̀, ẹ̀sín rẹ̀ kì í tán lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ẹ kú àbọ̀ o, olùṣọ́ pẹ́pẹ́yẹ. Ṣé wọ́n pé?"

"Ọ̀kan yé lánàá, ó ní ká bá òun kí ọ."

Nítorí náà, kí n tó béèrè tán, wọ́n ti dáhùn. Mo ti rí i, mo ti rí i. Ìgbà míì, n kò tíì sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà.

Erlan ọkọ mi wà lára wọn. Ẹran ló ń kó. Wọ́n á pa màlúù ní àwọn oko tó jìn, níbi tí omi ti máa ń bo ọ̀nà fún ìdajì ọdún, yóò sì gbé e wá sí ìlú kó tó bàjẹ́. Ó mọṣẹ́. Ó lẹ́nu dídùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbé Belinda ọmọ wa sẹ́yìn. Erlan wo ojú títì, ó ní, "Ta ni obìnrin tó ń bọ̀ yẹn?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. "Ìyá rẹ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ náà ló jẹ́wọ́ fún mi. Ohunkóhun tó bá ti kọjá òpó iná kejì, ó ti di èéfín lójú rẹ̀. Ó ti lọ rí dókítà ní ìkọ̀kọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìn ojú ló ń kú, dígí kò lè ràn án.

"Erlan, o gbọ́dọ̀ sọ fún wọn."

"Kí n sọ fún ta ni? Wọ́n á gba ìwé ìwakọ̀ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ni kí n wá máa ṣe? Kí n gba ìgbálẹ̀ tí o fi sílẹ̀?"

"Ìgbálẹ̀ kì í pa èèyàn."

"Ebi ń pa èèyàn." Ó di ọwọ́ mi mú. "Nardy, ọdún kan péré. Kí n fi bo orí ilé wa. Lẹ́yìn ìyẹn, fúnra mi ni màá lọ gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn."

Ilé wa kò ní òrùlé ju yàrá kan lọ lóòótọ́. Mo gbójú sókè wo ojú ọ̀run láti inú pálọ̀ mi, mo ní, "Ọdún kan."

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "ọdún kan".

Ní oṣù kẹta, dókítà tó ń yẹ àwọn awakọ̀ wò máa ń wá láti ìlú ńlá. Yàrá tó wà lábẹ́ ilé ìṣọ́ ló máa ń lò, ó sì máa ń gbé pátákó lẹ́tà rẹ̀ kọ́ sára ògiri láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá dé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà.

Mo wọlé. Mo kọ àwọn lẹ́tà náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Nílé, mo ń fún Belinda lọ́mú, mò ń kà wọ́n, Erlan ń kà á tẹ̀ lé mi.

"Ìlà kẹta?"

"F, E, L, O, P."

"Má yára tó bẹ́ẹ̀. Ṣe bí ẹni tó ń wò ó. Pa ojú dé díẹ̀. Ní ìlà kẹrin, kọ́kọ́ ṣi ọ̀kan kà, kí o wá tún un ṣe, kó má dà bí ẹni tó há a sórí."

Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Dókítà buwọ́ lù ú. Àwọn lẹ́tà tí Tíṣà Elfy di ọwọ́ mi mú kọ́ mi, àwọn ni mo fi kọ́ ọkọ mi ní irọ́.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń yá a lójú. Àwọn awakọ̀ mìíràn, gbólóhùn kan ni mò ń sọ fún wọn. Erlan, mo máa ń ya ojú ọ̀run fún un ni. "Ó funfun, ó wà nísàlẹ̀ rẹ lápá òsì. Ó ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì. Ó ń yí sápá ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ka ogún kí o tó yí tìrẹ." Yóò dáhùn pé, "Mo ti rí i." Èmi àti ẹ̀ la mọ̀ pé ohùn mi ló rí.

Ó ṣiṣẹ́. Ohun tó burú jù níbẹ̀ nìyẹn, ó ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún. Páànù dé orí pálọ̀.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun igbó fún oko. Èéfín bo ìlú. Belinda ń wúkọ́ tọ̀sán tòru, n kò sì sùn dáadáa. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù yẹn, Erlan balẹ̀ sẹ́yìn Dọ́n Lorgio tímọ́tímọ́ débi pé mo dìde dúró lórí àga mi.

Awakọ̀ bíi tirẹ̀ ni Dọ́n Lorgio, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Bàbá ìsàmì Belinda ni. Ó fẹsẹ̀ rẹ̀ gun àtẹ̀gùn wá bá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọmọ mi, bá mi kìlọ̀ fún ọkọ rẹ. Ó fẹ́ gùn mí bí akọ màlúù. Mo ti dàgbà fún irú eré yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ti ilẹ̀kùn.

"Nardy, ojú Erlan ńkọ́?"

Ẹ wò ó, ilẹ̀kùn ìgbàlà rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ká ní mo sunkún nìkan, ì bá ti tó.

"Ojú rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ, Dọ́n Lorgio. Èéfín yìí ló ń dà wá láàmú."

Ó wò mí títí. "Ó dáa. Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí o bá sọ ni mo gbà."

Ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìyẹn, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Dọ́n Lorgio pè mí lórí rédíò. Ó ń bọ̀ láti Puerto Urucú.

"Ilé ìṣọ́, èèyàn méjì ni wá. Mo gbé Tíṣà rẹ. Ó lọ ṣe ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wà lọ́hùn-ún, ìwé kún ẹsẹ̀ wa. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ṣì ń kọ S rẹ sódì."

"Ẹ sọ fún un pé mo ti jáwọ́."

"Ó ní òun kò gbà gbọ́."

Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Erlan pè. Ẹran ló gbé, ọkọ̀ rẹ̀ sì yára ju ti Dọ́n Lorgio lọ. Èéfín pọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti òkè tí mo wà, mo ń rí ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, àmọ́ bí ohun tí wọ́n fi omi wàrà fọ̀ ni.

"Erlan, ìwọ ni ìkejì. Dọ́n Lorgio wà níwájú rẹ."

Ó yẹ kí n rán an lọ sórí adágún. Mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, mo ti rán an lọ, wọ́n sì fi ṣẹ̀sín títí tí kò fi jẹun alẹ́. Ẹran tó gbé lọ́jọ́ náà rùn kó tó balẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì búra pé tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ.

"Ó funfun," mo ní. "Ó wà nísàlẹ̀ rẹ, ó ń kọjá níbi bíríkì…"

Fóònù tó wà lórí tábìlì dún. Ìyá Erlan ni, Dónyà Pura, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé ọmọ sí.

"Nardy, Belinda ò mí dáadáa. Ètè rẹ̀ ń dúdú."

Lórí rédíò, Erlan ní, "Mo ti rí i."

N kò tíì sọ ibi tó ń yí sí fún un. N kò tíì ní kó ka ogún. Ó sọ ọ́ nítorí pé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn.

Mo ní, "Máa tẹ̀ lé e."

Mo sì kẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo ń sọ fún Dónyà Pura pé kó gbé omi gbígbóná ka iwájú ọmọ, kó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, kó sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bóyá ìṣẹ́jú kan ni. Bóyá kò tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo yíjú padà, ọkọ̀ kan wà lórí èkejì bí adìẹ tó ràdọ̀ bo ọmọ rẹ̀. Wọ́n jọ ń bọ̀ wálẹ̀. Ti òkè kò rí ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ kò rí ti òkè.

Mo ké pé, "Erlan, gòkè, gòkè."

Dọ́n Lorgio ló dáhùn, ohùn rẹ̀ tutù bíi pé ó ń béèrè iyọ̀ lórí tábìlì. "Ọmọ mi, ta ló wà lókè mi?"

Kí n tó la ẹnu, wọ́n ti kọlu ara wọn.

Ọkọ̀ Erlan já sínú ẹrẹ̀. Àwọn apẹja fà á jáde pẹ̀lú itan tó kán àti egungun ìhà mẹ́ta. Ti Dọ́n Lorgio já sí pápá tí màlúù ti ń jẹko, ó sì gbiná mọ́ òun àti Tíṣà Elfy lórí. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, ìwé ìdánwò ti fọ́n káàkiri orí koríko. Àwọn màlúù ń gbóòórùn wọn. Lẹ́tà ńláńlá, wíwọ́, lẹ́tà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Belinda yè. Èéfín ló há a lọ́fun, nọ́ọ̀sì sì fún un ní afẹ́fẹ́.

Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Tarqui wá láti olú ìlú láti wádìí. Ọkùnrin kékeré ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó gbé bébà síwájú mi, ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀. Mo kọ ọ́ pé ọkọ mi ní òun ti rí i, pé ojú rẹ̀ mọ́, pé èéfín ló fà á. Mo kọ ọ́ rẹ́gírẹ́gí. Gbogbo S mi ló dojú kọ ibi tó yẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí padà. Kọ̀ǹpútà kan wà níwájú rẹ̀.

"Ìyáàfin Nardy, láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń gbọ́ ohùn yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ orí rédíò ló wà nínú ibí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Awakọ̀ mẹ́jọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn méje, gbólóhùn kan kan lẹ ń fún wọn." Ó tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ ohùn ara mi, kúkúrú, gbẹrẹfu. "Ẹ̀kẹjọ, ìtàn lẹ ń sọ fún un." Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí sápá ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ka ogún. Ohùn náà dùn, bí ohùn ìyá tó ń kọ́ ọmọ rìn.

"Ọkọ mi ni, sà. Ìfẹ́ ni."

"Ó ṣeé ṣe," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ kí i."

Ní ẹnu ọ̀nà yàrá Erlan nílé ìwòsàn, ó yíjú sí mi. "Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ̀rọ̀. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀."

Ó wọlé, ó kí Erlan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ìwé kékeré kan ṣẹ́ kù tí òun fẹ́ parí, òun ti mú pátákó ojú wá, kí ó bá òun ka ìlà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan bá a gbé e dúró lára ògiri tó kọjú sí bẹ́ẹ̀dì.

Mo wo pátákó náà. Ẹja. Àga. Ìràwọ̀. Ilé kékeré. Ife. Àwòrán ni gbogbo rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ ojú àwọn ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé wò. Lẹ́tà ẹyọ kan kò sí lórí rẹ̀.

"Kápítánì, ẹ bá mi ka ìlà kẹta."

Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí mo bá pariwo, mo ti tú u fó. Bí mo bá dákẹ́, mo ti tú u fó. Mo fi eyín mú ahọ́n mi.

Erlan pa ojú dé díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ.

"F," ni ó wí. "E… L, O, P."

"Ìlà kẹrin ńkọ́?"

Ó kà á. Ó ṣi lẹ́tà kejì kà, ó sì tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì gbójú sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tarqui ká pátákó rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Erlan ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sápá ẹnu ọ̀nà, kò sí ibi tí mo dúró sí gan-an, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni.

"Nardy, ṣé o wà níbẹ̀? Mo kà á dáadáa?"



Ó ti di ọdún méjì báyìí. Erlan wà lẹ́wọ̀n, ojú rẹ̀ sì ti kú tán. Nígbà tí mo lọ bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n má wá mọ́. "Bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ máa tẹ̀ lé e," ni ó wí. "Má bínú." Èmi, ẹjọ́ mi kò tíì parí. Oṣooṣù ni mò ń lọ buwọ́ lùwé ní kóòtù. Ìyàwó Dọ́n Lorgio máa ń kọjá lójú pópó wa, ó máa ń kí Belinda, kò kí mi rí. Kíláàsì àwọn àgbà ti di ibi tí wọ́n ń kó àpótí sí. Kò sí tíṣà mìíràn tó fẹ́ wá síbí.

Mo ṣì ní ọ̀kan lára àwọn ìwé ìdánwò náà. Iná jó etí rẹ̀. Ẹnì kan ní Puerto Urucú kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Mo lè kọ orúkọ màlúù mi." Ẹni náà ṣì ń retí máàkì rẹ̀ bóyá.

Àwọn kan sọ fún mi pé bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde, ara á tù mí. Kò tù mí. Mo kọ ọ́ nítorí pé obìnrin kan lè wà níbì kan tó ń fi ojú tirẹ̀ bo ojú ọkọ rẹ̀, tó ń pè é ní ìfẹ́. Ìwọ obìnrin yẹn, jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ rẹ ṣẹ̀sín. Jẹ́ kó bá ọ jà. Jẹ́ kó lọ ṣọ́ pẹ́pẹ́yẹ.

Èéfín tún ti dé lọ́dún yìí. Lánàá, Belinda dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń na ìka sókè. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀, àmọ́ kò sí nǹkan kan lókè ju funfun lọ.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo ti rí i" ti wà lẹ́nu mi. Bí a ṣe ń dá ọmọdé lóhùn náà nìyẹn, ká lè padà sídìí ìkòkò wa.

"N kò rí i, Belinda."

Ó rọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi náà ò rí i," ni ó wí, ó sì wọlé.